Àwọn Ọmọ Tí Bàbá Kò Jẹ́ Kí A Yá

Àwọn tó sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú bàbá mi àgbà purọ́ dáadáa. Wọ́n ní onísùúrù ni. Wọ́n ní kò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ rí láyé. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń wo pósí, mo sì mọ̀ pé bó bá ṣeé ṣe fún un láti dìde ni, yóò gba máìkì lọ́wọ́ wọn, yóò ní kí wọ́n padà sí ìjókòó wọn, kí wọ́n lọ tún iṣẹ́ wọn ṣe. Oníjà ni Bàbá. Ó bá ìjọ jà, ó bá ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú jà, ó bá ìyá mi àgbà jà lórí bí wọ́n ṣe ń gé iṣu sínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó dùn ún wọ sàréè, kò sì sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ìdajì àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni kò tíì dárí jì í.

Tíṣà ni. Ó kọ́ ọmọ ní Òkè-Ọdẹ, ó kọ́ ọmọ ní Rore, ó lo ọdún díẹ̀ ní abúlé kan lẹ́bàá Ìgbàjà, kí wọ́n tó gbé e wá sílé láti wá ṣe ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kékeré tó wà ní abúlé wa, tí kò jìnnà sí Èsìẹ́. Lójú tirẹ̀, ilé ìwé náà kì í ṣe ti ìjọba. Bàbá tó bí i wà lára àwọn tó po amọ̀ tí wọ́n fi mọ ogiri rẹ̀. Àwọn obìnrin abúlé ló ru omi, àwọn ọ̀dọ́ ló gé igi àjà. Ẹ̀yìn náà ni ìjọba tó dé, tó kùn ún lọ́dà, tó sì gbé pátákó síwájú rẹ̀. Nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì, wọ́n fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìwé náà, èyí tó túmọ̀ sí pé kò fẹ̀yìn tì rárá. Tíṣà Àgbà ni gbogbo abúlé ń pè é, títí kan àwọn tó sá fún ilé ìwé nígbà ayé tiwọn.

Pípín nǹkan ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí nípa rẹ̀. Kò sí ohun tó wọ ilé wa tí Bàbá kò ní pín kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹnìkan bá ra búrẹ́dì bọ̀ láti Òmù-Àrán, yóò ka orí wa, yóò ka orí àwọn ọmọ aládùúgbò tó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé wọn ò rí búrẹ́dì, yóò tó wá mú ọ̀bẹ. Ní Kérésì ọdún kan, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bu ẹran jẹ kí wọ́n tó ka orí. Bàbá kò nà án. Ó ní kó gbé àwo rẹ̀ kiri ilé, kó máa bi ẹnìkọ̀ọ̀kan bóyá ẹran tirẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹkún ni ẹ̀gbọ́n mi fi parí ìrìn náà. Bàbá ní, "Ẹni tó gé ẹran kó tó ka orí ti jí ti ẹnìkan, kò kàn tíì mọ ẹni náà ni."

Bó ṣe ń wo ilé ìwé náà nìyẹn. Bí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ bá fi páálí ṣọ́ọ̀kì ránṣẹ́, tí inú àwọn tíṣà ń dùn, Bàbá yóò ní kí wọ́n ní sùúrù. Yóò ka ṣọ́ọ̀kì, yóò ka ọmọ, yóò pín in. Yóò wá ní, "Ṣọ́ọ̀kì mẹ́ta ààbọ̀ fún ọmọ kan, títí sáà yóò fi parí. Ẹ dúpẹ́ níwọ̀nba." Owó tí wọ́n fi ń ṣètọ́jú ilé ìwé ńkọ́? Ìgbà tó bá wu owó náà ló ń wá. Bó bá sì wá, Bàbá yóò fi pẹ́ńsù kọ iye rẹ̀ sára ògiri pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà, yóò kọ iye ọmọ sábẹ́ rẹ̀, yóò pín in, yóò fàlà sídìí èyí tó kù. Ìpín ọmọ kan nìyẹn. Mi ò rántí sáà kan tí ìpín náà tó ra ìwé kíkọ méjì. Ìyá àgbà bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kí wọ́n kun ògiri náà nítorí àlejò, ó kọ̀. Ó ní àwọn àlejò gan-an lòun fẹ́ kó rí i.

Nígbà yẹn, Ìlọrin ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìwé aládàáni kan tí wọ́n ti ń fi mọ́tò gbé ọmọ wá. Mo wá kí wọn nígbà ọlidé, Bàbá ní kí n sọ iye tí òbí ń san lórí ọmọ kan fún un. Mo sọ ọ́. Ó dìde, ó lọ síbi ògiri rẹ̀, ó kọ ọ́, ó dúró tì í pẹ́. Ohun tí òbí kan ń san fún ọmọ kan ní sáà kan ju gbogbo ohun tó ń wọlé fún ilé ìwé wa lọ́dún gbáko. Mo ti múra sílẹ̀ de ariwo. Jẹ́jẹ́ ló bi mí pé, "Fúnmi, àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ yẹn, ṣé orí méjì ni wọ́n ní?" Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Mi ò ní sọ pé ó rọrùn láti bá a gbé. Ìyá àgbà ló mọ̀ jù. Bí àwọn ará ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ bá wá, Ìyá àgbà a máa di adìẹ kan fún wọn lọ́wọ́, nítorí pé bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, àlejò kì í ti ilé ẹni lọ lọ́wọ́ òfo. Lọ́jọ́ kan Bàbá sáré tẹ̀lé mọ́tò wọn dé orí títì, ó gba adìẹ náà padà. Ìtìjú bá Ìyá àgbà tó fi jẹ́ pé ọjọ́ méjì ni kò fi bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó máa sọ ọ́, ó ní, "Bàbá Dáre, ẹ̀yin àti òtítọ́ yín, ẹ máa jọ jẹun alẹ́." Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, kò dá oúnjẹ sílẹ̀ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dáko mọ àáró. Lónìí gbogbo wa kọ ebè lóko tèmi, lọ́la a kọ ọ́ lóko tìẹ. Ẹni tó bá jẹ àáró ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tí kò san án padà kò ní rí ẹni bá a kọ ebè mọ́. Láti ayé àwọn bàbá wa ni abúlé wa àti àwọn ará òdìkejì odò ti jọ ń ṣe é. Nígbà tí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọmọ lọ́dọọdún, tó jẹ́ pé iye orí tí wọ́n bá kà ni wọ́n fi ń pín tíṣà àti ìwé, àwọn abúlé méjèèjì ṣe ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n fi àwọn ọmọ ṣe àáró. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa ka tiwa, ọgbọ̀n ọmọ yóò sọdá wá láti òdìkejì, wọn yóò jókòó sórí bẹ́ńṣì wa. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa ka tiwọn, tiwa yóò sọdá lọ. Kò sí ẹni tó pè é nírọ́. Ìrànlọ́wọ́ ni. Mo ti gbọ́ tí wọ́n gbàdúrà lé e lórí.

Gbogbo ayé ló mọ̀, àfi Bàbá. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, kò sí ẹni tó jẹ́ dán an wò. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, bí ọjọ́ kíka ọmọ bá ti ń sún mọ́, Ìyá àgbà a máa rántí pé ojú rẹ̀ ń fẹ́ dókítà, pé kó lọ sí Òmù-Àrán. Èmi gan-an ti tẹ̀lé e lọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo jókòó tì í níbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú rẹ̀ wò, mo sì mọ ohun tó ń lọ nílé. Ẹ̀rín ni mo fi ń rín nígbà yẹn.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, mo gbàyè wá sílé láti Ìlọrin, ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n sì ka ti òdìkejì. A gbé Bàbá lọ sí Òmù-Àrán bí a ṣe máa ń ṣe, ọgbọ̀n ọmọ wa sọdá lọ. Tiwa ló kàn lọ́jọ́ Túsìdeè. Láàárọ̀, Ìyá àgbà tún dárúkọ dókítà. Bàbá wò ó. Ó ní ojú wo ló ń rí dókítà lójoojúmọ́? Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó gba ilé ìwé lọ, èmi sì ń sáré tẹ̀lé e.

Ọ̀gá tó wá láti ọ́fíìsì ti ń kà lọ nígbà tí a dé. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, ó bọ̀wọ̀ fún Bàbá, ó ní kí wọ́n gbé àga fún un. Ó kà á dé mọ́kànléláàádọ́rin. Bàbá dìde.

"Ọ̀gá, ẹ dúró ná. Àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún yẹn kì í ṣe tiwa."

Ìyá tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé wa ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fìdí kalẹ̀. Ẹ má dá wa lóró."

"Mo ti fìdí kalẹ̀ tó." Ó kọjú sí àwọn ọmọ náà. "Ẹ̀yin ọmọ òdìkejì, àlejò wa ni yín, ẹ káàbọ̀. Ẹ kí bàbá yín nílé. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sí ilé ìwé tiyín."

Wọ́n dìde lóòótọ́, wọ́n tò jáde níkọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ wọn ń dún lórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì náà. Bàbá wá sọ fún ọ̀gá yẹn pé, "Ìkòkò kan náà lẹ ti ń bu fún gbogbo wa. Bí abúlé kọ̀ọ̀kan bá ń fi ọmọ tí kò sí kún tirẹ̀, ti ọmọ tó wà ni yóò máa dín kù. Ẹ ka àwọn tó wà, kí ẹ fún wọn ní tiwọn pé pérépéré." Ọkùnrin náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní látìgbà tóun ti ń ṣiṣẹ́ yìí, òun ò rí irú rẹ̀ rí. Ó kọ mọ́kànlélógójì sílẹ̀. Inú Bàbá dùn lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní tàn yín, ó jẹ iyán méjì.

Kí sáà tó tẹ̀lé e tó wọlé ni ọkùnrin yẹn padà wá, tòun ti ẹlòmíràn tó gbé fáìlì lọ́wọ́. Wọ́n pe ìpàdé òbí. Wọ́n ní àwọn ti ṣèṣirò. Wọ́n mú owó oṣù tíṣà mẹ́ta, wọ́n fi owó ìtọ́jú kún un, wọ́n pín in fún ọmọ mọ́kànlélógójì. Wọ́n ní owó tí ìjọba ń ná lórí ọmọ kan ní ilé ìwé wa ti pọ̀ jù, ó fi púpọ̀ ju ti àwọn tí ọmọ wọn pọ̀ lọ. Nítorí náà, wọn yóò ti tiwa, àwọn ọmọ wa yóò sì máa lọ sí ti òdìkejì odò, níbi tí ọmọ ti kún dáadáa.

Bàbá dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó ní, "Owó tí kò ra ìwé méjì ló wá pọ̀ jù? Ta ló kọ́ yín ní irú ìṣirò yìí?"

Ọkùnrin náà ò fi ṣe yẹ̀yẹ́, àánú wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní ká ka orí."

Bàbá gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó. Lálẹ́ ni Ìyá àgbà wá jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè fún un, pé ọgbọ̀n nínú àwọn ọmọ tó kún òdìkejì náà, tiwa ni wọ́n, pé bí wọ́n bá ka tiwọn láìsí àáró, kò ní ju tiwa lọ. Mo rò pé yóò fọ́ nǹkan mọ́lẹ̀. Ó kàn ń bi Ìyá àgbà léèrè ṣáá pé, "Ọjọ́ tí mo lọ ṣe ojú?" Ó bi í tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìyá àgbà ń sunkún.

Ó kọ lẹ́tà. Ojú ewé méjì ni, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Èmi àti òun gun ọ̀kadà lọ sí ọ́fíìsì náà, a jókòó sórí bẹ́ńṣì lóde láàárín àwọn tó ń dúró. Ó mú lẹ́tà náà dání. Nígbà tó yá, ó ní, "Fúnmi, bí mo bá fún wọn ní èyí, wọn á ti ti òdìkejì náà. Ibo làwọn ọmọ á wá máa lọ?"

Mo ní ibi tó sún mọ́ wa jù lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ ọmọ kékeré ò lè gbé e débẹ̀, pàápàá bí òjò bá ti ba ọ̀nà jẹ́.

"Abúlé méjì, láìsí ilé ìwé kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Wọ́n pè wá wọlé. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ yẹn náà ni. Ó dìde, ó ní, "Bàbá olóòótọ́! Kí la lè ṣe fún yín?" Bàbá ti ki lẹ́tà bọ àpò. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan. Mo kàn ní kí n yà kí yín ni." Nígbà tí a dé ìta, kò lè di ọ̀kadà mú, mo ní láti jókòó sẹ́yìn rẹ̀, kí n fi apá méjèèjì gbá a mú. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé, ó ní, "Òtítọ́ kan tí mo sọ ti jẹ ilé ìwé kan. Mi ò ní òmíràn tí mo lè fún un jẹ."

Ohun tó pa á nìyẹn, ohun yòówù kí wọ́n kọ sínú ìwé ilé ìwòsàn. Àwọn ènìyàn rò pé ìtìjú nítorí ilé ìwé tí wọ́n tì ni. Rárá o. Irọ́ tó di tirẹ̀ ni. Ọkùnrin tó gba adìẹ lọ́wọ́ àlejò wá di ẹni tó ń bá abúlé méjì pa irọ́ mọ́, kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ìyá ọmọ ń kí i lọ́nà pé, "Tíṣà Àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o," ó sì mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń kí i sí. Kò dá wọn lóhùn burúkú. Kò tún kọ ohunkóhun sára ògiri mọ́.

Nígbà òjò, ó máa ń lọ dúró sí etí odò láràárọ̀, níbi tí wọ́n tẹ́ pákó sí, láti fa ọwọ́ àwọn ọmọ kọjá. Ẹni ọgọ́rin ọdún, nínú omi tó dé orúnkún. A bẹ̀ ẹ́, a bínú, a gbé bàtà rẹ̀ pamọ́, ẹsẹ̀ lásán ló fi lọ. Síbẹ̀ náà, ọjọ́ kan wà tí omi gbá pákó lọ kó tó dé ibẹ̀, ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Tóyìn sì ti bọ́ sínú odò. Àgbẹ̀ kan fà á jáde láàyè, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ní ìwé tó nìyẹn. Bàbá lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí i, ó gbé àga fún un, ó ní, "Bàbá, nígbà tí ilé ìwé wà lẹ́yìnkùlé mi, ṣé mo ní kó má lọ?" Àwọn ìyá mìíràn náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọmọ dúró sílé. Ikọ́ mú Bàbá kí òjò tó dá, ó sì kú nígbà ọyẹ́.

Mo ti padà sílé nígbà yẹn láti tọ́jú wọn. Tíṣà ò tó ní òdìkejì, àwọn òbí ń dá owó díẹ̀ jọ fún mi, mo ń bá wọn kọ́ ọmọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, ọjọ́ kíka ọmọ dé. Ọ̀gá ilé ìwé pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní bí iye ọmọ bá fi lè wálẹ̀, wọn yóò mú tíṣà kan lọ nínú méjì tí ìjọba fi sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí wọn yóò mú lẹ́yìn náà. Ó gbé ìwé orúkọ àwọn ọmọ abúlé wa fún mi. Mọ́kànlélógójì ló wà níbẹ̀. Àwọn tó ń sọdá odò wá kò ju méjìlélógún lọ mọ́. Oko ni àwọn yòókù wà.

Ọkùnrin jẹ́jẹ́ yẹn náà ló tún wá. Ó rí mi, ó ṣí fìlà. Ó ní òun gbọ́ nípa Bàbá, Ọlọ́run yóò tù wá nínú, irú wọn ò pọ̀ mọ́. Ó na ọwọ́ gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó sì ní òun kò ní wulẹ̀ wọ kíláàsì lọ ka orí àwọn ọmọ tèmi, nítorí pé ẹni tó bá ti ilé Bàbá wá, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tó. Ojú tì mí débi pé ilẹ̀ ni mò ń wò. Ó ṣí ìwé náà, ó ń fi bírò tẹ̀lé orúkọ wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dé orí Tóyìn, ó kọjá.

Ó ní, "Tíṣà, ṣé gbogbo wọn wà?"

Mo ní, "Wọ́n wà, sà."